Ṣé Ilá Ni Bàbá Pè Wá Ni, àbí Jàǹdùkú?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa níbí ní Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ àwọn olè tó ń yọ bátìrì sólà lóru là ń sọ. Ẹnìkan dá a lábàá pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ká má wulẹ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, táyà ni ká fi sí i lọ́rùn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà bá dìde, ó ní, "Ochlocrats ni gbogbo yín," ó sì jókòó padà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó sọ. Akọ̀wé wa kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé "okrocrats". Lẹnìkan bá ní ilá ni bàbá fi wá wé, pé ó ní à ń yọ̀ bí ilá. Ariwo sọ. Wọ́n bu ₦5,000 lé bàbá pẹ̀lú páálí mọ́ọ̀tì kan. Bàbá ní òun ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọ̀rọ̀ yìí? Níbo ló ti wá? Ṣé èébú ni? Ṣé ó yẹ kí bàbá sanwó?

*

Ilá kọ́ o. Ẹ tètè kó ọ̀rọ̀ ilá kúrò nílẹ̀ kí bàbá má baà gbé yín lọ sí kóòtù nítorí ọbẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, símẹ́ǹtì, páànù àti ìṣó ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n ìtàn àti èdè àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni mo kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Títí bàbá mi fi kú ló ń bi mí pé ta ni mo fẹ́ máa bá sọ Gíríìkì lọ́jà Òkè-Àjẹ. Ẹni tó béèrè yìí, ẹ ṣeun, ẹ ti bá mi dá bàbá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni wọ́n so pọ̀. Ochlos ni èrò tó kàn wọ́ jọ, tí kò létò, tó ń tì síwá tì sẹ́yìn. Kratos ni agbára, àṣẹ. Kratos yìí náà ló wà nínú democracy, demos sì ni ará ìlú, àwọn tí ìlú mọ̀ sí ọmọ ìlú. Ìjọba demos ni ti ará ìlú tó jókòó tó fẹnu kò. Ìjọba ochlos ni ti ogunlọ́gọ̀ tó ń pariwo. Ochlocracy ni wọ́n ń pe irú ìjọba bẹ́ẹ̀. Ochlocrat ni ẹni tó fara mọ́ ọn, tó ń tì í lẹ́yìn, tó gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ fojú sí "tì í lẹ́yìn" yẹn. Ibẹ̀ ni ìjà wà, a máa padà síbẹ̀.

Ṣé èébú ni? Èébú ni. Èèyàn máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé democrat lòun, àyà rẹ̀ á sì wú. Èmi ò tíì rí ẹni tó ní ochlocrat lòun.

*

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìkẹnnẹ́ ti dáhùn pé Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: pé "ìkìlọ̀" ni àwọn Gíríìkì gbọ́ tí wọ́n fi ń pe ochlo, pé wọ́n ń kìlọ̀ fún èrò.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì wá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n bí a bá ń bá a lọ báyìí, Sócrates, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì nì, náà á di ọmọ Ìpẹru. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jọra lẹ́nu ló jẹ́ ọmọ ìyá.

Yorùbá ní tiwa tó ju ìyẹn lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èrò ni àwọn tó wọkọ̀, èrò ni àwọn tó kún ọjà bámú, èrò náà sì ni ohun tí èèyàn ń rò nínú ọkàn. Ohùn kan náà, àmì kan náà lórí. Níbi tí èrò bá ti pọ̀ jù, èrò á sá jáde. Mo wá irú ìyẹn lédè Gíríìkì tì.

Àbúrò kan béèrè pé mob tí àwọn Òyìnbó ń pè ń kọ́, ṣé òun náà ti Gíríìkì ni. Rárá, Látìnì nìyẹn. Mobile vulgus ni wọ́n ń sọ: àwọn gbáàtúù tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan. Ní nǹkan bí 1680 sí 1690 ni wọ́n gé e kúrú ní Lọ́ńdọ̀nù di mob. Jonathan Swift, òǹkọ̀wé nì, kórìíra irú gígé bẹ́ẹ̀ gan-an, ó sì fi mob ṣe àpẹẹrẹ. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mobile yẹn náà ló wà lára mobile tẹ́ ẹ fi ń pe fóònù ọwọ́ yín: ohun tó ń rìn, tí kò dúró sí. Ẹ ò rí i pé fóònù ni wọ́n fi ń pe èrò jọ báyìí.

*

Ibi tí ochlocracy ti wá gan-an.

Polybius, òpìtàn Gíríìkì nì, lẹni tí gbogbo wa máa ń dárúkọ tó bá kan ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ìlú Megalopolis ní ilẹ̀ Gíríìkì ni, ọmọ ilé ọlá. Lycortas bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń darí àjọ àwọn ìlú Achaea. Nígbà tí Róòmù ṣẹ́gun Makedóníà ní ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n kó 1,000 èèkàn Achaea lọ sí Ítálì bí ẹni kó ìwọ̀fà. Polybius wà lára wọn. Ó ju ọdún 15 lọ kí wọ́n tó gbà kí wọ́n máa lọ sílé. Ibẹ̀ ló ti ń wo Róòmù, tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ìjọba àwọn èèyàn yìí fi dúró tí tiwa fi wó.

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú apá kẹfà ìwé ìtàn tó kọ. Ó ní ìjọba dáadáa mẹ́ta ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìbàjẹ́ tó ń bá a gbé bí ìpẹtà ṣe ń bá irin gbé. Ọba rere máa ń di apàṣẹwàá. Àwọn àgbà tó ń ṣèlú máa ń di ẹgbẹ́ ajẹnirun. Ìjọba ará ìlú máa ń di ochlokratia. Tó bá dé ibẹ̀ tán, ọ̀kan á dìde láàárín èrò, á sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó tún ní ọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ mi nínú fún ìkẹta yẹn: cheirokratia. Cheir ni ọwọ́. Ìjọba ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ le.

Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì tó ṣáájú rẹ̀, kò tiẹ̀ lo ochlocracy. Democracy gan-an lòun fi ń pe èyí tó bàjẹ́. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ Aristotle ni bàbá tíṣà yẹn kà, "democrats ni gbogbo yín" ni ì bá fi bú yín, ẹ ò bá sì ti pàtẹ́wọ́ fún un.

*

"Ṣebí ẹni tó pọ̀ ló ni ìjọba? Tí èèyàn 60 bá gbà, tí ẹnìkan ò gbà, kí ló tún kù?"

Àwọn tó sọ irú èyí pọ̀ jù nínú èsì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

Ní ọdún 406 ṣáájú ìbí Jésù, Átẹ́ǹsì ja ogun ojú omi ní Arginusae, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ìjì dé, wọn ò lè kó àwọn ọmọ ogun tó rì sómi. Ìlú gbaná jẹ. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn ọ̀gágun mẹ́jọ. Méjì sá lọ, mẹ́fà padà wálé. Òfin ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èrò ní àwọn ò fẹ́, pé kí wọ́n dìbò lẹ́ẹ̀kan lórí gbogbo wọn. Sócrates wà lára àwọn tó ń darí ìjókòó lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní ṣe ohun tí òfin ò sọ. Àwọn èèyàn ń pariwo pé ohun ìríra ni kí ẹnikẹ́ni dí ará ìlú lọ́wọ́ ohun tó bá wù wọ́n. Wọ́n dìbò. Wọ́n pa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun fún wọn o. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kábàámọ̀, wọ́n wá yíjú sí àwọn tó tì wọ́n sí i.

Iye èèyàn kọ́ ló sọ ọ́ di ochlos. Wọ́n pọ̀ lánàá nígbà tí wọ́n ń ṣòfin, wọ́n pọ̀ lónìí nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tó yàtọ̀ ni pé lónìí, wọn ò jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa sọ tẹnu rẹ̀ tán. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.

Mo fẹ́ bi ẹni tó béèrè ní nǹkan kan. Nígbà tẹ́ ẹ bu ₦5,000 lé bàbá, ṣé ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀?

*

Àtakò kan nìyí tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ tì. Arábìnrin kan láti Àgọ́-Ìwòyè ní ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni. Pé tí tálákà méjì bá ti dúró jọ, wọ́n á ní jàǹdùkú ni, ṣùgbọ́n tí olówó 200 bá pé jọ níbi àríyá, àlejò pàtàkì ni gbogbo wọn.

Òótọ́ wà níbẹ̀. Polybius fúnra rẹ̀, ta ló ń gbèjà? Àwọn bàbá rẹ̀. Ẹ sì wo tiwa: ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó orí. Orúkọ burúkú wo ni ìjọba kò pè wọ́n? Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n ní olórí tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn, nígbà tí Awólọ́wọ̀ sì wọ inú oko lọ bá wọn jókòó, ọ̀rọ̀ yanjú, owó orí já wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 2. Ìyẹn kì í ṣe ochlos lójú mi. Èrò tí o lè bá jókòó, tó lẹ́nu, tó létí, ará ìlú ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi nílùú Ìbàdàn, tí ẹlẹ́wọ̀n rere àti búburú jọ jáde, mi ò ní gbèjà ọjọ́ yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí kò níyè méjì, kó lọ bi àwọn àgbà nípa Wẹ́tìẹ. Ìdìbò ìwọ̀-oòrùn, October 1965. Wọ́n fi bẹntiróòlù rin ilé, wọ́n fi rin mọ́tò, wọ́n fi rin èèyàn. "Wet it" ni, ahọ́n Yorùbá ló yí i. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ẹni tí wọ́n bá ti tọ́ka sí pé "Dẹ́mọ̀ nìyí" lọ́jọ́ yẹn, kó yáa máa sá, wọn kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀. Dẹ́mọ̀ ni ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, orúkọ tí wọ́n gé kúrò lára Democratic. Ẹ ò wá rí nǹkan: demos, ará ìlú, ọ̀rọ̀ iyì àwọn Gíríìkì, ó dé ọ̀dọ̀ wa ó di ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ jóná. Wọ́n ṣe é títí di January 1966 tí sójà fi gbàjọba. Ohun tí Polybius ní yóò ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn.

*

A padà síbi "tì í lẹ́yìn".

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà ń bá mi jà nínú èsì, ó ní crat ni ẹni tó ń jọba: autocrat ló ń dá jọba, nítorí náà ochlocrat ni jàǹdùkú tó wà nínú èrò, tó mú igi lọ́wọ́. Mo ní rárá. Democrat kì í ṣe ará ìlú tó ń jọba, ẹni tó gbà gbọ́ nínú ìjọba ará ìlú ni. Ochlocrat náà nìyẹn. Ó lè má jáde nílé rárá. Ó lè wà lórí àga rẹ̀ kó máa tẹ fóònù pé "wọ́n ṣeun, wọn ì bá ti sun ún."

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Mo wà ní gáréèjì kan ní Ṣàgámù, mò ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ sílé, mo ti ra ọ̀jọ̀jọ̀ lọ́wọ́ ìyá kan tó ń dín in lẹ́bàá títì. Ọkùnrin kan sáré kọjá, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, ó ń ké "Ẹ mú un! Ẹ mú un!" Àwọn tó wà níwájú kò rí ẹni tó ń lé. Ẹni tó ń sáré ni wọ́n rí. Wọ́n gbá a lọ́rùn aṣọ mú. Ẹnìkan ní olè ni. Ẹlòmíì ní fóònù ló jí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi di gbọ́mọgbọ́mọ. Èmi náà, tọ̀jọ̀jọ̀-tọ̀jọ̀jọ̀ lẹ́nu, mo pariwo pé "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ o!" Mi ò rí nǹkan kan, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu mi kàn là ni.

Wọ́n ti ń gbá a. Ọmọkùnrin kan ti ń yí táyà bọ̀ láti ìsọ̀ fọkanáísà.

Ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀ sọ iná kalẹ̀, ó mú ṣíbí tó fi ń dín nǹkan lọ́wọ́, epo ń kán lára rẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá. Wọ́n yẹ̀ fún un nítorí epo gbígbóná. Ó ní, "Ta ni nǹkan rẹ̀ sọnù? Kó jáde wá." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní, "Ta ló ni fóònù? Ọmọ ta ni wọ́n gbé?" Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Àwọn tó yí i ká á ju 50 lọ, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ tìtorí ẹ̀ dáná sun èèyàn, kò lólùpẹ̀jọ́.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà tó ráyè sọ̀rọ̀. Àpò gààrì méjì ló wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì tó ṣí lọ láìdúró dè é. Dírẹ́bà yẹn ni ọkùnrin náà ń ké sí wa pé ká bá òun mú.

Ẹni tó gbá a létí àkọ́kọ́ ló bá a wá bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Èmi náà ò bẹ̀ ẹ́; ọkọ̀ mi ti dé, mo wọlé. Bọ́ọ̀sì yẹn ti gbé gààrì lọ.

Nítorí náà, lọ́yà, ẹ bi mí pé nínú ọmọ tó ń yí táyà àti èmi tí mò ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, ta ni ochlocrat. Ọmọ yẹn, ọwọ́ ló fi ṣe tiẹ̀. Èmi ni mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

*

Àbúrò kan láti Ìlíṣàn bínú gidi. Ó ní, "Olè ò tíì jà yín ni, ẹ̀gbọ́n. Tá a bá fà á lé wọn lọ́wọ́, ọ̀la la máa rí i lójú títì."

Olè ti jà mí. Wọ́n já ìsọ̀ mi, wọ́n kó páànù ìdì méjìlá. A mú ọ̀kan nínú wọn, a gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan. Mo ra bébà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo ra epo sínú ọkọ̀ wọn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo rí ọmọ náà níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pa á lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Torí náà mi ò fi ìbínú yín ṣe yẹ̀yẹ́. Abraham Lincoln, tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà, náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní January 1838, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 29, ó sọ̀rọ̀ ní Springfield lórí ohun tó pè ní ẹ̀mí mobocracy tó ń jà ràn-ìn ní Amẹ́ríkà. Ó ní àwọn ọ̀mùtí àti ọ̀daràn kọ́ lòun ń bẹ̀rù jù. Òun ń bẹ̀rù ọjọ́ tí èèyàn jẹ́jẹ́, tó ń pa òfin mọ́, máa wò ó pé òfin ò gba òun sílẹ̀, tí ìfẹ́ ìjọba yóò sì kú lọ́kàn rẹ̀. Ìwọ gan-an nìyẹn, àbúrò. Èmi náà nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ bọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n gbọ́ apá kejì. Ní October 5, 2012, ní Aluu, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, èrò pa ọmọ yunifásítì mẹ́rin nítorí wọ́n ní olè ni wọ́n. Wọ́n ya fídíò rẹ̀, àwọn èèyàn ń wò. Ní 2017, kóòtù dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọlọ́pàá. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí kóòtù yóò fi sọ pé ó jẹ̀bi. Bí ẹ bá sun olè bátìrì, apànìyàn lẹ ó máa jẹ́ níwájú adájọ́. Bátìrì ò sì ní padà.

Ohun tí àdúgbò tiwa ń ṣe báyìí: tọ́wọ́ bá tẹ èèyàn, èèyàn mẹ́rin péré ló ń dúró tì í, alága sì ń lé àwọn yòókù lọ sílé. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọwọ́ sókè. A ó ya àwòrán ohun tá a bá lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í jẹ́ kí ẹnìkan dá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mẹ́fà la máa ń lọ, a sì máa ń padà lọ béèrè lọ́sẹ̀ kejì. Ó ń rẹ èèyàn. Mi ò sọ pé kì í rẹ èèyàn.

*

Ẹnìkan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní mò ń fi Gíríìkì gbéra ga, pé ṣé àwọn bàbá wa náà kò fi èrò ṣèlú ni. Ó ní kí ni Pàmpá? Ó ní ṣebí ọmọ ogun ló dìde sí Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ tó fi sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, tó sì kú síbẹ̀ ní 1885?

Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Pàmpá jẹ́ ti àwọn tí kò joyè ńlá, àwọn mẹ̀kúnnù ìlú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Pàmpá ní olórí, ó ní ibi tó ti ń jókòó, ó sì ní àwọn tó ń wò ó lójú: àwọn Ìlámùrẹ́n tí wọ́n jẹ́ olóyè, àti Òṣùgbó tí àwọn ibòmíràn ń pè ní Ògbóni. Ìlédì, ilé ìpàdé wọn, ni Òṣùgbó ti ń gbẹ́jọ́. Wọn kì í gbẹ́jọ́ lójú títì. Ní ti Fìdípọ̀tẹ̀, ogun tí kò tán ló sú àwọn èèyàn, ọ̀tẹ̀ ni wọ́n dì, Balógun ló sì ṣíwájú. Ẹ lè bú u. Ọ̀tẹ̀ ni ẹ ó pè é, ẹ ò lè pè é ní ochlos. Ọ̀tẹ̀ máa ń mọ ibi tó ń lọ.

Ṣàgámù gan-an, kí ni? Ìlú 13 ló para pọ̀ láyé ogun, ní nǹkan bí 1872, kí ọ̀tá má baà mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Èrò ni gbogbo wọn, wọ́n sá jọ ni. Tó bá jẹ́ ariwo ni wọ́n fi ń ṣe é, Ṣàgámù ì bá ti tú kí ó tó pé ọdún kan.

*

Kúkúrú lèyí. Wọ́n ní ká wá Yorùbá fún ochlocrat. Àwọn kan ní "alátìlẹ́yìn jàǹdùkú". Kò dára tó, nítorí ẹni tó wà nínú èrò lè má jẹ́ jàǹdùkú. Àwọn tó gbá ọkùnrin onígààrì létí, tẹ́lọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń lọ ìsọjí wà níbẹ̀. Àwọn kan ní "ẹgbẹ́ ẹ-sun-ún". Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì sún mọ́ ọn. Èmi dábàá "afèròjẹ", bíi afọbajẹ: àwọn tó ń fi ọba jẹ, àwọn tó ń fi èrò jẹ. Kíá ni ẹnìkan ti ní afèròjẹ dà bí ẹni tó ń jẹ àwọn tó wọkọ̀, pé àgbèrò gáréèjì ni mò ń ṣàpèjúwe. Mo gbà. Mo ká a kò. "Afèròjọba" ni mo wá dúró lé, títí ẹnìkan yóò fi mú èyí tó dára jù ú wá.

*

Ẹni tó béèrè ti padà dé. Ó ní rárá, wọn ò jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ yẹn, bó ṣe ń la ẹnu ni wọ́n ń pariwo "Ilá! Ilá!", alága sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó sanwó gbé ọwọ́ sókè.

Mo dá a lóhùn pé ẹ ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ẹ ò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ, ọwọ́ lẹ fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Cheirokratia ni. Tó bá jẹ́ pé èébú ló bú yín kí ẹ tó dìbò, nígbà tẹ́ ẹ dìbò tán, ó ti di òtítọ́. Ẹ lọ pè é, ẹ jẹ́ kó wí tẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ó jẹ gbèsè.

Ọjọ́ Àìkú ẹ̀ẹ̀kejì ló fi èsì ránṣẹ́. Wọ́n ti pe bàbá. Ó lo ìṣẹ́jú 40 lórí ìdúró, ó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gíríìkì, ó gba Wẹ́tìẹ kọjá, ó dé orí bátìrì sólà. Ẹni tó dá àbá táyà ló kọ́kọ́ ní òun ká ọ̀rọ̀ òun kò. Ó ní nítorí ebi ti ń pa òun. Ní ti owó ìtanràn, bàbá ní òun ṣe tán láti san ₦5,000 àti mọ́ọ̀tì, tí ẹnikẹ́ni nínú ìpàdé bá lè kọ ọ̀rọ̀ tí òun fi bú wọn sára bọ́ọ̀dù láìṣì í kọ. Akọ̀wé dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó tún kọ ilá.